Báàsì: gìtá ni àbí ọwọ́ òsì lórí kíbọ́ọ̀dù?

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra gìtá báàsì ni, àbí kí n máa fi ọwọ́ òsì tẹ báàsì lórí kíbọ́ọ̀dù?" Ní Sùúrùlérè níbí, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ akọrin kan kì í bi mí.

Kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ tí báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin, ń ṣe ná. Fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ do, mi, so pa pọ̀. Bí báàsì bá wà lórí do, orin á fìdí kalẹ̀, inú ẹni á dùn. Má gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò o. Báàsì nìkan ni kí o sún lọ sórí la. Ó ti di la, do, mi, so nìyẹn, orin náà sì ti ń ro bí ẹni tó ń rántí ilé.

Lórí kíbọ́ọ̀dù, ojú rẹ ń rí gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀kan lo sì náwó. Ewu ibẹ̀ ni pé bí o bá kó ohùn púpọ̀ jọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Gìtá báàsì ní tiẹ̀, okùn 4 péré ló sábà máa ń ní, àmọ́ ó máa ń yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn, á máa bá ìlù sọ̀rọ̀. Ìka á kọ́kọ́ bó, wàá tún ra áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde. Nígbà tí mo ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, atẹ́gùn òkun dípẹtà sí okùn tèmi kíákíá.

Bí o bá ń dá orin ṣe nínú yàrá, kíbọ́ọ̀dù tó ọ. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti ní ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, lọ ra gìtá.