Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù: bí ẹ bá bá ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná, ẹ má tíì sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń tu owó jọ láti ra ọkọ̀ àlòkù tó ń lo gíà ọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn oníṣòwò kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ti ń kú lọ ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n á rà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì tà á bí èyí tí kò ní àléébù kankan. Wọn ò tún gíà náà ṣe o. Ńṣe ni wọ́n ń bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ irú wọn ni àbúrò mi bọ́ sí, ó sì ń dùn mí títí di báyìí.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò jù ni pé wọ́n á ti ṣíná sí ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ọ́ìlì ni gíà ọ́tò fi ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù inú rẹ̀ ló ń fi ipá ti ọ́ìlì lọ sídìí àwọn kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn àwo tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, ipá yẹn ló sì ń di kílọ́ọ̀ṣì mú kí táyà tó lè yí. Bí àwọn rọ́bà inú gíà bá ti gbó, tí wọ́n ti le, ọ́ìlì á máa jò gba ẹ̀gbẹ́ wọn nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Ẹ ó ti fa gíà sí D, ọkọ̀ ò ní mira, ó dìgbà tó bá ṣe díẹ̀ kó tó gbá gìrì, kó tó lọ. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó gbóná ṣáájú, rọ́bà á rọ̀, ẹ ò sì ní rí àléébù yẹn rárá. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ iye owó tó wáyé, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ ní ẹ ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣíná sí i kí ẹ tó dé. Ẹni tí kò ní nǹkan tó ń fi pamọ́ kò ní bínú sí èyí.

Ṣùgbọ́n àwọn gíà mìíràn wà tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá gbóná ni wàhálà wọn ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti gbóná, á ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pọ́ǹpù tó ti gbó ò ní lè fún un ní ipá tó yẹ mọ́. Ohun tó fà á nìyẹn tí oníṣòwò fi ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kàn yípo kékeré, ká padà." Bí wọ́n ṣe ṣe fún àbúrò mi gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ náà ń lọ geere ní ìyípo yẹn. Ọjọ́ tó wá wọ sún kẹrẹ fà kẹrẹ, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ó tẹná, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Ẹ mú un gun òkè, ẹ fi gíà R, èyí tó ń fẹ̀yìn rìn, gun òkè pẹ̀lú, ẹ mú un dé ibi tí ọkọ̀ ti ń rá, kí ẹ sì sá eré díẹ̀. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ lé iná wẹ́rẹ́, tí eré rẹ̀ ò yí padà, tí gbogbo ara ọkọ̀ wá ń gbọ̀n bí ìgbà tí táyà ń gun ojú ọ̀nà tó ní gegele wẹ́wẹ́, ẹ má fara mọ́ ọn bí wọ́n bá ní táyà ló fà á.

Ẹ wá sórí ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ náà bá ní gééjì ọ́ìlì gíà, ẹ fà á jáde, kí ẹ nù ún mọ́ bébà funfun. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì gíà ló máa ń pupa nígbà tó bá ṣì dára. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì ti jó. Bó bá rí bíi mílíìkì tí wọ́n po àwọ̀ pupa mọ́, omi rédíétọ̀ ti wọ inú gíà, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì ló ń pupa o, àwọn ọ́ìlì CVT (irú gíà ọ́tò mìíràn) kan wà tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ni kò sì ní gééjì rárá, àfi kí mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ́ìlì tó pupa fòò nìkan kò tó láti fọkàn balẹ̀. Àwọn oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń dà sínú gíà kó má baà yọ̀. Wọ́n ń mú ọ́ìlì nípọn, wọ́n ń mú rọ́bà wú, gíà á sì máa mú fún ìgbà díẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n fà jáde nínú ọkọ̀ àbúrò mi pupa, ó mọ́, ó sì ń fà yọ̀ọ̀ láàárín ìka. Nígbà tí mẹkáníìkì tú àwo ìsàlẹ̀ gíà, ìgbà yẹn ni ojú wa là. Mágínẹ́ẹ̀tì kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń gbá irin jọ. Ìyẹ̀fun eérú tó kúnná lórí rẹ̀ kò burú, gíà tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ló ń ní in. Tiwa, ẹ̀rúnrún irin tó ń dán ló bò ó, ó ń gún ìka.

Iná dáṣíbọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ṣíná, iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá dìde. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti fi nǹkan bò ó. Ẹ mú ẹni tó ní síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, dání. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò OBD-II tí síkánà ń wọ̀. Bí síkánà bá sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́, tàbí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì. Ẹ béèrè ìdí.

Kì í ṣe oníṣòwò nìkan o. Mẹkáníìkì mìíràn á rí kóòdù P0700 lójú síkánà, á ní gíà ti kú pátápátá, kí ẹ lọ ra òmíràn. Irọ́ ni. Ohun tí P0700 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà gíà ní ẹjọ́ kan tó fẹ́ rò. Kóòdù kejì tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ẹjọ́ náà. P0730, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé yíyí gíà kò bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Wáyà tó já tàbí ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ lè fa wàhálà tó jọ ti gíà tó kú, kí mẹkáníìkì yẹ ìwọ̀nyí wò kó tó tú nọ́tì kan. Bó bá sì pàrọ̀ ohunkóhun, ẹ gba èyí tó yọ.

Ẹni tó bá ti kó sí i, kó má wa ọkọ̀ náà mọ́ bí gíà bá ti ń yọ̀, torí gbogbo ìrìn ló ń jó kílọ́ọ̀ṣì sí i. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kí mẹkáníìkì tí kò mọ oníṣòwò náà rí tó kọ ohun tó rí sórí ìwé. Ẹ má bá wọn fọwọ́ sí ìwé tó ní "bó ṣe wà la ṣe rà á" láì tíì wà á dáadáa. Ẹ ya àwòrán ìpolówó ọkọ̀ náà kí ẹ tó pe oníṣòwò rárá, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ síi yín. Ẹni tó ta ti àbúrò mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé gíà kò ní wàhálà, àmọ́ nígbà tá a fi máa padà lọ wò ó, ó ti pa ìpolówó náà rẹ́.