Derby tàbí Coventry: níbo ni kí ọmọ ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀?
Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line lọ sí Abbey Wood, ìlú Derby ní England ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yẹn. Ilé iṣẹ́ Litchurch Lane ti wà níbẹ̀ láti 1876, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ṣì ń ṣe.

Ti Coventry, ìlú England míì, yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: Rover ti 1885 ni baba ńlá èyí tí à ń gùn lónìí. Nígbà tó di 1897, Daimler ti ń ṣe mọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jaguar ò to mọ́tò ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Browns Lane níbẹ̀ mọ́ láti 2005, Peugeot náà sì kúrò ní Ryton, nítòsí ìlú náà. Takisí oníná tuntun ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń jáde láti Ansty, ẹ̀bá ìlú.

Tèmi, Derby ni màá mú ọmọ lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ mọ́tò ló wù ú, ẹ má dá a dúró.