Áàpù tó ń ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́: ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti lò ó létí odò

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti fi áàpù yìí ṣètò ìrìn kẹ̀kẹ́, etí odò sì ni gbogbo wọn. Kì í ṣe eré ìje o. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ láti bí ọdún mẹ́wàá, àti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án la jọ ń lọ. Ohun tí à ń wá ni ká gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ká dúró níbi tó bá wù wá, ká sì délé kó tó rẹ̀ wá jù. N ò ní dárúkọ áàpù náà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń mú àwòrán ilẹ̀ wọn láti ibì kan náà, ìyẹn OpenStreetMap, torí náà ohun tí ojú mi rí nínú tèmi, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i nínú tiyín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tó dára. Ẹ ó fọwọ́ kan ibi tí ẹ ti máa gbéra àti ibi tí ẹ ń lọ, kíá ló máa fa ìlà lé ọ̀nà náà, á sì yẹra fún títì ọkọ̀ níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá wà. Bí ìlà náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè fi ìka fà á síbòmíràn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó ń fi àwọ̀ sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí: ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí ní àwọ̀ tirẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀, ilẹ̀ erùpẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ó tún ń fi ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n létí odò ìlà yẹn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn ló ń tan èèyàn. Ẹ ó rí ilẹ̀ títẹ́, ẹ ó sì rò pé wàhálà ti tán. Àwọ̀ ojú ọ̀nà ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ní ìrìn kẹta, ó fi àwọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ hàn fún nǹkan bíi kìlómítà 4. Mo gbà á gbọ́. Yanrìn la bá níbẹ̀. Táyà ẹ̀gbọ́n mi tín-ín-rín. Bó ṣe wọ yanrìn báyìí ni ti iwájú rì, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí sọ́tùn-ún sósì bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n fa òun lọ. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú girigiri títí iṣan ọwọ́ rẹ̀ fi yọ. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wẹ̀yìn wò mí.

“Àbúrò mi, ṣé ọ̀nà tí o ní o ti wò lóru àná nìyí?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kọ́ la ṣe bá a.”

A ti kẹ̀kẹ́ wa fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Láti ọjọ́ náà, táyà tó fẹ̀ tó mìlímítà 40 la fi sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ibi tí à ń lọ bá sì rọ̀, mo máa ń dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n tẹ ìwọ̀n tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sí i lára. Ẹ má ṣe kọjá méjèèjì. Nígbà tí a délé, mo wọ OpenStreetMap, mo yí òkúta wẹ́wẹ́ padà sí yanrìn. Láti ọdún 2004 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn èèyàn bí èmi àti ẹ̀yin ló ń yà á, ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè tún ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọ̀ ibẹ̀ yí padà nínú áàpù náà. Inú mi dùn débi pé mo fi fóònù han ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo fẹ́ bá àwọn tó ṣe é jà lé lórí. Ó ní wákàtí kan ó lé ogún ìṣẹ́jú la máa fi gun kìlómítà 24. Ẹ ṣírò rẹ̀: kìlómítà 18 ní wákàtí kan nìyẹn, láìdúró rárá, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Wákàtí mẹ́ta ó lé ogójì ìṣẹ́jú la lò. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ti lè sọ bí ara yín ṣe le sí, mo sì fà á wálẹ̀ débi tó kéré jù, síbẹ̀ kò ka dídúró sí. Bẹ́ẹ̀ dídúró ni ìrìn náà gan-an. Ọmọ á rí ẹyẹ tó ń fẹsẹ̀ kan dúró nínú omi, a ó dúró. Ẹ̀gbọ́n mi á rí òjìji igi tó dára, a ó dúró. Ní báyìí, mo máa ń pín kìlómítà sí 10 bí ọmọ bá wà pẹ̀lú wa, tàbí sí 12 bí àgbà nìkan la bá jẹ́, ìyẹn á fún mi ní iye wákàtí. Màá wá fi ìdajì rẹ̀ kún un. Fún kìlómítà 24 yẹn, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ló bọ́ sí. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a lò.

Ó tún gbójú fo afẹ́fẹ́. Odò ṣí gbayawu, kò sí ilé tàbí igbó tó máa dá afẹ́fẹ́ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gun kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ tó ń sáré 20 sì kọjú sí yín, afẹ́fẹ́ tó máa fẹ́ lù yín lójú á jẹ́ ti 35. Bí eré afẹ́fẹ́ ojú bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń tì yín sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti tẹ̀ lé ibi tí odò ń ṣàn sí, ìrọ̀rùn dé nìyẹn. Lójú ọ̀nà etí odò Danube, láti Passau ní Jámánì lọ sí Vienna ní Ọ́stríà, ibi tí odò ń ṣàn sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń ti wá pẹ̀lú, ẹ̀yìn ló sì ń ti ẹni tó ń lọ. Fún ìrìn àlọ-àbọ̀ tiwa, afẹ́fẹ́ ni mo máa ń kọjú sí nígbà àlọ, tí agbára ṣì wà lára, kó lè máa tì wá bọ̀ wálé.

Ìrìn kẹrin ló dùn mí jù. Ọ̀nà náà gba abẹ́ afárá kọjá, áàpù sì ní ó ṣí. Oòrùn ń ràn, ojú ọjọ́ mọ́. A dé abẹ́ afárá, omi pupa bíi kọfí ti gba ojú ọ̀nà, ẹ̀ká igi àti ewé ti há mọ́ irin tí wọ́n fi dáàbò bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òjò tó rọ̀ sí òkè odò lọ́jọ́ tó ṣáájú ni omi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ náà fẹ́ gùn ún kọjá; mo pariwo mọ́ ọn, ó dúró. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ bí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe jìn tó. Àtẹ̀gùn ọgbọ̀n ó lé kan ni mo fi gbé kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gòkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wo bí omi ṣe ga tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn aláṣẹ bá ti ń wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì béèrè òjò òkè odò, ẹ má wo ojú ọ̀run ibi tí ẹ wà nìkan. Nígbà tí omi bá sì ti fà, ẹrẹ̀ tó máa ń fi sílẹ̀ ń yọ̀ gan-an.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi afárá ṣètò ìrìn wa. Bó bá rẹ èèyàn láàárín ìlú, á yà. Létí odò, omi wà lápá kan, ó sì lè jẹ́ igbó tàbí oko ló wà lápá kejì; láàárín afárá kan sí èkejì, kò síbi tí ẹ fẹ́ yà sí. Nítorí náà, kí n tó fa ìlà kankan, mo máa ń wá gbogbo afárá, màá sàmì sí wọn. Áàpù náà mọ bí a ṣe ń gba bèbè kan lọ ká gba èkejì bọ̀, ó sì dára púpọ̀ níbẹ̀. Bí àárẹ̀ bá mú wa, a ó gba afárá tó kàn kọjá, ìrìn á kúrú.

Ohùn tó ń júwe ọ̀nà máa ń sọ pé “yà sọ́tùn-ún” níbi gbogbo tí odò bá ti yí, nígbà tí kò sí oríta kankan. Mo ti pa á. Iná ojú fóònù ń jẹ bátìrì: nígbà tí mo tàn án sílẹ̀ láti òwúrọ̀, 100 di 31 kí a tó padà dé. Gbígba àwòrán ilẹ̀ sórí fóònù kí a tó kúrò nílé wà lára ohun tí wọ́n ń gbowó lé, òun nìkan ló sì jẹ́ kí n san owó ọdún kan, torí nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ láwọn ibi tó jìnnà sí títì. Màá tún san án.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Wọ́n máa rí ìkarùn-ún gbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi bí omi ṣe ga tó kún un. Mo ti ya ti ìkeje báyìí: kìlómítà 18, afárá mẹ́rin, afẹ́fẹ́ lójú nígbà àlọ. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná. Ìdáhùn tó fún mi ni pé: “Ṣé o ti wo yanrìn ibẹ̀ dáadáa?” Mo ti wò ó.