Ike kilorín tó ń léfòó: ọjọ́ 19 ni mo fi púùlù sílẹ̀ fún un

Kí n tètè sọ ọ́: máàkì 7 nínú 10 ni mo fún ike yìí, tó ń tú kilorín, oògùn tó ń mú omi púùlù mọ́, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ì bá gba 8, àmọ́ ẹni tó tà á fún mi kò sọ ìdajì ohun tó yẹ kí n mọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, ní ìhà Under G. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé ta ní ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín àwa ọmọ Ajílété. Bàbá àwọn ọmọ ló gbẹ́ púùlù náà nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nílé. Àwọn ọmọ lọ, púùlù kù sí mi lọ́rùn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 7, ìbú rẹ̀ mítà 4, jíjìn rẹ̀ sì tó mítà 1.4 tí a bá pín in dọ́gba. Omi bíi lítà 39,000 nìyẹn. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn òbí máa ń yá a fún ọjọ́ ìbí ọmọ, owó yẹn náà la fi ń ra oògùn omi. Torí náà n kò lè ti géètì kí n gbàgbé rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ ní Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi kilorín oníyẹ̀fun, irú èyí tí a ń dà sí kànga, sílẹ̀ fún ọmọkùnrin tó ń gbé ní bọisikọ́tà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni, ọmọ dáadáa. Mo ní kó máa pò ó sí omi lálaalẹ́. Ìdánwò dé, ó gbàgbé. Ìgbà tí mo máa dé, omi ti rí bí ọbẹ̀ ewédú. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ méjì sì jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó sanwó wọlé. A fa ìdajì omi náà dànù, a fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri fún ọjọ́ mẹ́fà. Apá mi kò tíì gbàgbé.

Lọ́dún yìí ó kan àbúrò ọmọ mi obìnrin yẹn láti bímọ, èmi náà ni n ó lọ wẹ ọmọ. Ni mo bá ra ike yìí.

Ó rí bí olú: orí rẹ̀ fẹ̀, òun ló ń léfòó, ìdí rẹ̀ gùn wọ inú omi, ó sì ní ihò tí èèyàn lè ṣí tàbí kó pa dé nípa yíyí i. Inú rẹ̀ ni wóró kilorín ń wọ̀, tèmi gba mẹ́rin. Wóró kan jẹ́ gíráàmù 200, ó kún àtẹ́lẹwọ́. Ike náà kò wọ́n rárá. Wóró inú rẹ̀ ló ń gbowó. Trichlor ni wọ́n kọ sí i lára. Agbára kilorín rẹ̀ tó 90 nínú 100, ti oníyẹ̀fun tí mo ń lò jẹ́ 65.

Oòrùn ń jẹ kilorín. Ẹ dà á sínú omi lásán láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán oòrùn ti gbé èyí tó pọ̀ jù lọ. Trichlor gbé agboòrùn tirẹ̀ wá: ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cyanuric acid, òun ló ń dáàbò bo kilorín lọ́wọ́ oòrùn. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ó wúlò fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Òun náà sì ni àléébù tí n ó sọ níwájú.

Ọlọ́run ló ní kí n dán an wò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lọ. Mo ṣí gbogbo ihò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo kán oògùn ìdánwò sí omi. Dípò kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó pọ́n bí epo pupa. Ìyẹn ni pé kilorín ti pọ̀ kọjá ohun tí ọmọ ènìyàn lè wẹ̀. Èyí tó dára kò ju mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan lọ. Mo pa ihò dé títí ó fi ku méjì péré, omi sì fara balẹ̀. Bí mo bá ti ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tí mo wọ mọ́tò lọ ni, gbogbo wóró ì bá ti yọ́ tán ní ìdajì ìrìn àjò mi.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, mo po gíráàmù 600 kilorín oníyẹ̀fun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi (ìyẹ̀fun la ń dà sínú omi o, a kì í da omi lé ìyẹ̀fun), mo dà á káàkiri. Láàárọ̀, mo kó wóró mẹ́rin sínú ike. Kilorín wà ní 3, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i) wà ní 7.6. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa kó ewé máńgòrò kúrò lójú omi, kó sì máa tan pọ́ǹpù fún wákàtí mẹ́rin nígbàkígbà tí iná bá dé. Tí omi kò bá yí, ẹ̀gbẹ́ ike nìkan ni kilorín máa wà.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló pè mí.

"Màmá, ẹ kú ọwọ́ lómi o." Ó yẹ kó kí mi lẹ́ẹ̀mejì, omi méjì ni ọwọ́ mi wà. "Ike yẹn ti dùbúlẹ̀. Mo rò pé wóró rẹ̀ ń tán lọ, mo wá fẹ́ bu ìyẹ̀fun tó kù sínú rẹ̀, kó lè gbéra."

Igbe tí mo ké jí ọmọ tuntun. "Má dán an wò! Fi ìyẹ̀fun yẹn sílẹ̀, jìnnà sí i!"

Trichlor àti kilorín oníyẹ̀fun kì í gbé inú ike kan náà. Tí wọ́n bá pàdé, ó lè gbiná, ó lè bú gbàù, èéfín rẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣíbí tí a fi bu ọ̀kan, a kì í fi bu èkejì. Ẹni tó tà á fún mi gbé méjèèjì sínú láílọ́ọ̀nù kan náà, ó ní kí n máa lọ ire! Mo bá ọmọ náà wí, mo tún bá ara mi wí, torí èmi náà kò kìlọ̀ fún un. Dídùbúlẹ̀ tí ike dùbúlẹ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ pé ó bàjẹ́: bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí inú rẹ̀ bá fúyẹ́, kí a lè mọ̀ pé wóró ń tán.

Mo padà dé ní ọjọ́ 19. Mo rí ìsàlẹ̀ púùlù láti ẹnu géètì. Kò sí tanwíjí, kò sí ọ̀pọ̀lọ́, ògiri kò yọ̀. Àyà mi balẹ̀ débi pé mo jókòó sí etí rẹ̀, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi, báàgì mi ṣì wà lọ́rùn.

Ìgbà tí mo dán omi wò ni mo rí ìyókù. Kilorín ti wá sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí 1. pH ti já wálẹ̀ ju 6.8 tí ohun ìdánwò mi lè kà mọ, torí wóró yìí kan gan-an. Bí a bá fi omi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ́, á máa jẹ irin pọ́ǹpù àti sìmẹ́ǹtì. Sódà áàṣì ni mo fi tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ méjì. Agboòrùn yẹn, cyanuric acid, náà ti gòkè láti 30, ó ń sún mọ́ 50. Oòrùn ń fa omi lọ, àmọ́ kì í fa èyí lọ. Bó bá pọ̀ jù, kilorín á wà nínú omi ṣùgbọ́n kò ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àfi kí a fa omi dànù ká gba tuntun. Ìdí nìyí tí n kò fi ń lo wóró yìí nígbà tí mo wà nílé.

Àbààwọ́n kan tún wà. Òjò àkọ́rọ̀ àti ìjì ti ike náà sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó dúró síbẹ̀, ó sì bó ọ̀dà búlúù ibẹ̀ funfun, ó tó ìwọ̀n àwo ọbẹ̀. Ọmọ náà sì jẹ́wọ́ pé wákàtí méjì ni òun ń tan pọ́ǹpù lọ́pọ̀ ọjọ́. Mo dárí jì í, ó kó ewé dáadáa.

Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì ni ike yìí lè dá ṣe pẹ̀lú wóró mẹ́rin nínú púùlù tó tó tèmi, bí ẹnì kan bá ń kó ewé. Ọ̀sẹ̀ kẹta jẹ́ oríire. Púùlù tó tóbi jù báyìí á nílò ike méjì.

Ìsọmọlórúkọ kan ń bọ̀ ní Ìlọrin, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n ó lò. Mo ti ra okùn ọ̀rá tí n ó fi so ike náà mọ́ àárín ibi jíjìn, kó má lè dé ògiri. Kilorín oníyẹ̀fun ti wà nínú yàrá mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú póòsì mi.