Koríko inú àpótí lórí òkè Ìkẹ́rẹ́: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Rélùwéè ò dé Èkìtì rí. Láti Èkó ló ti wọ Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Òkè Ọya, ó sì fi wá sílẹ̀ lápá ìlà-oòrùn. Bàbá mi a máa tẹ̀lé lọ́rì tó ń kó kòkó lọ sí Òṣogbo. Ibẹ̀ ló ti rí ọkọ̀ ojú irin, ìtàn tó ń sọ fún wa nípa rẹ̀ nígbà náà ni mo fi ń kọ́ rélùwéè sórí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Ìkẹ́rẹ́ lónìí. Irin tèmi gba ẹsẹ̀ Òkè Olósùnta kọjá. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HO ni mo ń lò: ohun gbogbo orí tábìlì náà jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti gidi.

Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá mi ra àpótí ohun èlò ojú ilẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Pọ́n-ùn 45 ló san. Asẹ́ oníbátìrì tí wọ́n fi ń gbin koríko wà nínú rẹ̀, àpò koríko mẹ́ta, àpò erùpẹ̀ kan, òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin, igi méjìlá àti ìgò gọ́ọ̀mù kan.

Asẹ́ yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun gan-an ló tó owó tí a san. Ó jọ asẹ́ tí à ń fi jọ èlùbọ́, àmọ́ bátìrì 9-volt kan wà nínú ọwọ́ rẹ̀, wáyà kan sì jáde lára rẹ̀ tó ní ẹnu bíi ti ohun tí à ń fi há aṣọ sórí okùn. Ẹ ó kun gọ́ọ̀mù sójú ilẹ̀, ẹ ó gún ìṣó kan sínú gọ́ọ̀mù tútù náà, ẹ ó fi ẹnu wáyà há ìṣó, ẹ ó wá máa gbọn asẹ́ lókè rẹ̀. Koríko náà, fọ́nrán náílọ́ọ̀nù tí kò nípọn ju irun lọ, á máa já bọ́. Iná inú asẹ́ ló ń jẹ́ kó fi ìdí gúnlẹ̀ sínú gọ́ọ̀mù, kó sì dúró ṣánṣán. Ojú mi báyìí ni ilẹ̀ náà ṣe hu, bí irun ọwọ́ ẹni tí ọyẹ́ mú láàárọ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lásán lẹ fi wọ́n ọn, gbogbo rẹ̀ á sùn lélẹ̀ bí irun ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Gọ́ọ̀mù inú ìgò ti gbẹ kó tó dé ọwọ́ mi, ó le bí ike. Mo ra gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò, mo fi omi là á, iṣẹ́ sì ń lọ.

Àwọ̀ ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo ti fi koríko wọn bo gbogbo ẹsẹ̀ òkè nígbà tí Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa, wọlé wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó títí.

"Bàbá Túnjí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ilẹ̀ ibo nìyí?"

Èmi náà wá wò ó dáadáa. Òótọ́ ló sọ. Koríko náà tutù yọ̀yọ̀ láìsí ẹyọ kan tó gbẹ, erùpẹ̀ náà sì dúdú bí ilẹ̀ ààtàn. Ẹni tó bá ti Adó bọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ nínú oṣù Kejì mọ̀ pé pupa ni ẹ̀gbẹ́ títì, pé eruku pupa ti bo ewé, pé koríko ti di àwọ̀ ewé àgbàdo gbígbẹ, ibi tí wọ́n sì ti sun ìgbẹ́ á dúdú kirikiri. Mo hó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn ilé mi ni mo ti bù ú. Mo yan án nínú agbada tó ti gbó kí kòkòrò àti ẹyin wọn lè kú, mo gún un, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára agbóhùn rédíò tó bàjẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ má fo ibí yìí o. Irin wà nínú ilẹ̀ pupa wa, òun náà ló sọ ọ́ di pupa. Ẹyọ dúdú wínníwínní so mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì náà bí irùngbọ̀n. Tí wọ́n bá wọ inú ọkọ̀ ojú irin orí tábìlì náà, mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò kékeré tó ń mú un rìn á fà wọ́n mọ́ra, wọn á sì máa họ inú rẹ̀ títí mọ́tò á fi bàjẹ́. Ohun mìíràn ni pé gọ́ọ̀mù máa ń mú kí erùpẹ̀ ṣú ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹfun lílọ̀ díẹ̀ ni mo pò mọ́ tèmi kí n tó wọ́n ọn. Nígbà tó gbẹ, mo dá ilẹ̀ náà mọ̀.

Òkúta abẹ́ irin wọn dára, àwọ̀ eérú ni, bíi ti òkúta kúárì wa. Àmọ́ tí ẹ bá kán gọ́ọ̀mù sórí rẹ̀ ní gbígbẹ, omi á ṣù róbótó, á sì máa yí òkúta kiri. Ẹ kọ́kọ́ fín omi tí ẹ kán ọṣẹ olómi sí, kí gbogbo rẹ̀ rin, kí ẹ tó fi síríǹjì kán gọ́ọ̀mù lílà sí i. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Koríko wọn tó gùn jù, mìlímítà 6 ni. Ẹ fi 87 sọ ọ́ di púpọ̀, kò ju bí ìdajì mítà lọ. Eèsún tó ga ní mítà 3 gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 34 lórí tábìlì, irun búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó ti gbó ni mo gé fún ìyẹn. Igi méjèèjìlá ṣe ṣóńṣó lórí, igi ilẹ̀ òtútù ni wọ́n; mo kó wọn fún ọmọ-ọmọ mi. Ọ̀pẹ tèmi, wáyà tí mo fi òwú wé ni ara rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi àlùmágàjí gé eyín sí ni imọ̀ rẹ̀.

Òkè fúnra rẹ̀ ò sí nínú àpótí kankan. Fóòmù funfun inú páálí fíríìjì ni mo gbẹ́, mo fi POP tí wọ́n ń lò fún àjà ilé bò ó. Ẹni tó bá wo Olósùnta láti òkèèrè á rò pé àwọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Sún mọ́ ọn, wàá rí ilà dúdú gbọọrọgbọọrọ níbi tí omi òjò ti ń ṣàn wálẹ̀ láti ayébáyé. Mo po ọ̀dà dúdú mọ́ omi púpọ̀, mo kán an sí góńgó orí òkè, mo sì fi í sílẹ̀ kó wá ọ̀nà ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mi ò fi búrọ́ọ̀ṣì darí ẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lórí tábìlì yẹn, ilà mẹ́ta yẹn ló dùn mọ́ mi nínú jù.

Tó bá jẹ́ pé mo tún fẹ́ rà á, mi ò ní ra odindi àpótí. Wọ́n ń ta asẹ́ náà lọ́tọ̀, òun ni màá rà, pẹ̀lú òkúta abẹ́ irin àti koríko aláwọ̀ gbígbẹ tí màá pò mọ́ tútù ní ìdá mẹ́ta sí ẹyọ kan. Láti oṣù Kejìlá, bátìrì kan péré ni asẹ́ náà ti jẹ.