Jumpseat ọ̀fẹ́ dáa o, ṣùgbọ́n ẹ ka ètò commute ilé iṣẹ́ yín dáadáa

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé páílọ́ọ̀tì ni mí l'Amẹ́ríkà níbí ló máa ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ń jayé, ẹ ń wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́ lọ síbi tó bá wù yín. Òótọ́ ni pé a ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Jumpseat, àga kékeré tó wà lẹ́yìn àwọn méjì tó ń wa bàálù, òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa láti ilé dé ibi iṣẹ́ (ìrìn àjò yìí là ń pè ní commute), torí ìlú tí ilé iṣẹ́ ti fẹ́ kí o máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí a ń pè ní base, àti ìlú tí ìyàwó àtọmọ wà, kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Houston ni èmi ń gbé, Newark ni base mi, ó tó 1,400 máìlì láàárín wọn. Àwọn kan á ní kí ló dé tí o ò kúkú kó lọ síbẹ̀. Base ò dúró lójú kan jàre, seniority, bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n fi ń pín in, o lè kó gbogbo ilé lọ síbì kan lónìí kí wọ́n ti base yẹn pa tàbí kí wọ́n gbé irú bàálù tí o ń wa kúrò níbẹ̀, ìyàwó mi sì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston, àwọn ọmọ wà ní sùkúù, ìjọ wa wà níbẹ̀, ilé tí a rà níbẹ̀, owó ẹ̀ ò lè ra gáréèjì ní itòsí New York.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ ní Florida, Texas àti Arizona máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ilé iṣẹ́ wo ni káwọn lọ, owó wákàtí kan ṣoṣo sì ni wọ́n máa ń wò.

Jumpseat fúnra ẹ̀, mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí i. O dé geeti nínú yúnífọ́ọ̀mù tàbí aṣọ tó bójú mu, o kó káàdì ilé iṣẹ́ ẹ, láísẹ́ǹsì ẹ àti ìwé ìlera ẹ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ geeti á tẹ nọ́ńbà ẹ sínú ètò kan tó ń jẹ́ CASS, fọ́tò ẹ á jáde, á sì fi hàn bóyá o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí o pè é, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí o wọlé lọ bá captain, ọ̀gá àwọn tó ń wa bàálù. Ẹni tó bá ń fò nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn cockpit, yàrá tí wọ́n ti ń wa bàálù, mọ́ páílọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn 11 September 2001 á mọ iyì CASS yìí, torí òun ló jẹ́ kí wọ́n tún lè ṣí i. Ohun tó sì ń wú mi lórí jù ni pé Delta, United, American, Southwest, FedEx, UPS, gbogbo wọn ń bá ara wọn du oníbàárà lójoojúmọ́, síbẹ̀ páílọ́ọ̀tì tiwọn ń gun bàálù ara wọn, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀.

O ò kàn lè wọlé kí o lọ jókòó o. O máa kí captain, o máa sọ orúkọ ẹ àti ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, o máa tọrọ ààyè. Tó bá ní rárá, ó parí nìyẹn, kò pọn dandan kó ṣàlàyé fún ẹ. Èmi tí wọ́n tọ́ nílé pé èèyàn kì í wọ yàrá àgbà láì kí i, ìlànà yìí bá mi lára mu gan-an ni, inú máa ń bí mi tí mo bá rí ọmọ kékeré tó ń ti báàgì wọlé bí ẹni pé ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ẹ kí àwọn flight attendant náà, ẹ béèrè ibi tí ẹ lè gbé báàgì sí. Tí àga bá ṣẹ́kù láàárín àwọn èrò, ibẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, tí ò bá sí, ẹ bọ́ sí cockpit, wọ́n á fi hàn yín bí ẹ ṣe máa lo ìbòjú ọ́ksíjìn, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dá ìtàkùrọ̀sọ sílẹ̀ nígbà tí bàálù bá wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà.

Ìtura ńkọ́? Lórí bàálù ńlá ó ṣeé fara dà. CRJ 200 ni ẹ máa rọra ṣe, àga yẹn ń ṣí sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà cockpit gan-an, tí ẹ bá ga díẹ̀ orúnkún yín ò ní rí ibi lọ. Àwọn bàálù kéékèèké yẹn náà ló jẹ́ pé tí ojú ọjọ́ bá burú tí wọ́n ní láti gbé epo púpọ̀ tàbí tí ooru bá mú, ìwúwo á di wàhálà, jumpseater ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gbé gbogbo ìrètí yín lé e.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ló gbé gbogbo ètò yìí ró, àwọn méjì kan sì ti fẹ́ bà á jẹ́. Ní 7 April 1994, òṣìṣẹ́ FedEx kan tó ń gun DC-10 wọn láti Memphis fi hámà kọlu àwọn tó ń wa bàálù, Ọlọ́run ló yọ wọ́n, wọ́n gbé bàálù balẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́. Ní 22 October 2023 bàálù Horizon Air kan kúrò ní Everett ń lọ San Francisco, páílọ́ọ̀tì tó wà lórí jumpseat, tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, na ọwọ́ fa ohun tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì tó bá gbaná, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì yà sí Portland. Torí náà tí captain bá wò yín lójú tó ń béèrè pé báwo lara, ṣé ẹ sùn dáadáa, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Jumpseat, ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ètò commute ni ọ̀rọ̀ wà. Jumpseat lè gbé ẹ, ó sì lè má gbé ẹ, ohun tí ilé iṣẹ́ ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí kò bá gbé ẹ gan-an ló yẹ kí o yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní gbólóhùn kan nínú àdéhùn yúníọ̀nù pé tí o bá gbìyànjú bàálù méjì tó lè mú ẹ dé kí àsìkò iṣẹ́ tó tó, tí méjèèjì kún tàbí tí wọ́n fagi lé wọn, o pe scheduling, àwọn tó ń pín iṣẹ́, wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ o! Ṣé wọ́n á yọ owó iṣẹ́ yẹn? Èèmélòó ni wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ lọ́dún? Tí o bá wà lórí reserve, tí o ń dúró de ìpè iṣẹ́, ńkọ́, torí ẹni tó wà lórí short call ò lè jókòó sí Houston nígbà tí wọ́n lè pè é pé kó dé Newark ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí i, dandan ni kó wà níbẹ̀, long call tó ń fún èèyàn ní bíi wákàtí 12 nìkan ló ṣeé fi ilé dúró dè.

Ilé iṣẹ́ tí èmi ń bá fò, mi ò ní dárúkọ wọn, gbólóhùn bàálù méjì yẹn wà nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n hótẹ́ẹ̀lì kankan ò sí fún alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́. Tí iṣẹ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kò sí bàálù òwúrọ̀ kankan láti Houston tó lè mú mi bá a, àfi kí n wá lálẹ́ àná, kí n san hótẹ́ẹ̀lì lápò ara mi, tàbí kí n lọ sùn ní crash pad, ilé tí a dá owó háyà, tí bẹ́ẹ̀dì alájà pọ̀ nínú ẹ̀, tí ẹnì kan ń múra àtijáde lọ́gànjọ́ nígbà tí ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Àwọn tí base wọn wà ní JFK àti LaGuardia, Kew Gardens ní Queens ni wọ́n kún fọ́fọ́ sí. Mo mọ àwọn ọmọ tuntun tí owó ò tíì tó tí wọ́n ń sùn lórí àga nínú yàrá crew, ó ń dùn mí dọ́kàn.

Ó ń dùn mí torí a mọ ibi tí irú ẹ̀ ti gbé èèyàn dé rí. Ní 12 February 2009, Colgan Air 3407 gbéra láti Newark, base tèmi gan-an, ń lọ Buffalo, ó já, gbogbo àwọn 49 tó wà nínú ẹ̀ kú pẹ̀lú ẹnì kan nínú ilé tó já lé. First officer wọn, igbákejì captain, ti Seattle gun bàálù FedEx lóru, ó gba Memphis, kó tó dé Newark láàárọ̀, captain náà ń wá láti Florida. NTSB, àjọ ìjọba tó ń wádìí jàǹbá bàálù, sọ pé bí captain ṣe dáhùn nígbà tí bàálù ń kìlọ̀ fún un ló fà á, wọ́n sì ní ó jọ pé àárẹ̀ ti mú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ bó ṣe kó ipa tó. Àwọn ẹbí tó ṣọ̀fọ̀ lọ dúró ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì títí òfin fi jáde ní 2010, òfin yẹn náà ló mú 1,500 wákàtí fífò tí ẹ̀yin àbúrò mi ń sáré kó jọ báyìí wá. Ìwádìí tí wọ́n pàṣẹ lórí commute jáde ní 2011, ó ní kí páílọ́ọ̀tì gbìyànjú sùn tó wákàtí mẹ́fà kó tó débi iṣẹ́, kó má sì fi commute ṣètò ọjọ́ ẹ̀ débi pé kó ti lajú ju nǹkan bíi wákàtí 16 lọ nígbà tí iṣẹ́ bá máa parí. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣòfin. Part 117, òfin ìsinmi àwọn páílọ́ọ̀tì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 4 January 2014 fún wa ní wákàtí 10 ìsinmi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán 8 nínú ẹ̀ fún oorun, ṣùgbọ́n àkókò tí o fi commute ò sí nínú iṣẹ́, o wá máa fọwọ́ sí i pé ara ẹ le kí o tó fò. Gbogbo ẹrù náà dorí páílọ́ọ̀tì nìkan. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá san hótẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan ń ra oorun fún àwọn èrò tó wà lẹ́yìn.

Ó sì ṣeé ṣe, torí àwọn kan ń ṣe é. NetJets tó ń fi bàálù àdáni gbé èèyàn àti Kalitta tó ń kó ẹrù máa ń fi páílọ́ọ̀tì wọn sórí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà láti itòsí ilé wọn. Allegiant, bàálù wọn máa ń jáde kó sì padà sí base lálẹ́, ẹni tó ń gbé itòsí ibẹ̀ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀. Àwọn regional mélòó kan, ilé iṣẹ́ tó ń fi bàálù kéékèèké fò fún àwọn ńlá, náà ti ń fún commuter ní hótẹ́ẹ̀lì mélòó kan lóṣù. Ètò tèmi, ìràwọ̀ méjì, torí gbólóhùn bàálù méjì yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ lẹ́tà ìbáwí nígbà yìnyín.

Ẹ̀yin àbúrò, tẹ́ ẹ bá dé interview, lẹ́yìn owó, ẹ béèrè ìlú tí àwọn tuntun ń lọ, bó ṣe ń pẹ́ tó kéèyàn tó kúrò lórí reserve, àti ẹni tó ń san hótẹ́ẹ̀lì. Èmi ní tèmi, yúníọ̀nù wa máa tó pín fọ́ọ̀mù kí ìjíròrò àdéhùn tuntun tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń bá gbogbo commuter tí mo bá pàdé sọ ọ́ pé kí wọ́n fi hótẹ́ẹ̀lì alẹ́ àkọ́kọ́ sí nọ́ńbà kìíní, kó tó kan owó.