Fọ́ọ̀mù eékún tí mo ti kọ nígbà mẹ́rin ní Àkúrẹ́

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Òkè Àró, maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì ń lò. Nígbà tí eékún ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, dókítà gbé fọ́tò X-ray sókè síná, ó ní kò tíì bàjẹ́ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Èmi tí mo ń di ògiri mú kí n tó dé ilé ìtọ̀ lóru! Ó ṣá darí mi sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú oríkèé àti iṣan, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

WOMAC ni wọ́n ń pè é, fọ́ọ̀mù tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fi ń sọ bí eékún ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè 24 ló wà níbẹ̀: márùn-ún lórí ìrora, méjì lórí bí oríkèé ṣe máa ń gan, 17 tó kù lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ máa fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4. Bó bá ṣe pọ̀ sí ni ìyà ṣe pọ̀ sí, 96 sì ni òpin rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló tẹ̀ lé mi lọ. Bó ṣe gba báírò báyìí, ó ti fẹ́ máàkì "díẹ̀" síwájú ìbéèrè àtẹ̀gùn. "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sọ́ńdè?" Ọ̀dọ́mọkùnrin físíò náà rọra gba báírò, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, àǹtí. Mọ́mì nìkan ló mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n. Èmi gan-an ò gbọdọ̀ dáhùn fún wọn." Mò ń gun àtẹ̀gùn yẹn lóòótọ́, àmọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fi ń wọ́ ara mi sókè. Mo kọ 3. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi wọ fáìlì bí mo ṣe sọ ọ́.

Mo gba 61 lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di 44. Físíò náà tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀: ìrora òru ti kúrò ní 3, ó di 1, ṣùgbọ́n dídìde lórí ìjókòó ṣì wà ní 3. "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù?" Àpótí kékeré ni. Ó ní kí n wá àga gíga, kí n sì máa dìde láì fọwọ́ ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Ká ní ẹnu lásán la fi sọ ọ́ ni, "ó ti sàn díẹ̀, a dúpẹ́" ni ǹ bá wí, ǹ bá sì máa lọ sílé.

Ohun tí mi ò fẹ́ nínú rẹ̀ nìyí. Kánádà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì hàn. Ó bi mí nípa wíwọ ìbọ̀sẹ̀ àti bíbọ́ rẹ̀, ó bi mí nípa wíwọ inú ọpọ́n ìwẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń wẹ̀. Kò sí ibi tó ti bèèrè bóyá mo lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, tàbí gun ọ̀kadà lọ sí Ọjà Ọba, bẹ́ẹ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́kún. Àwọn onímọ̀ físíò ní Ìbàdàn ti ṣe tiwọn, IKHOAM, nítorí irú èyí. Ó wù mí kó tàn dé gbogbo ibi.

Ní ilé ìwòsàn mìíràn tí mo dé, nọ́ọ̀sì ń ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sókè fún mi ní kọ́rídọ̀, lójú gbogbo èrò. Ó kó o sínú fáìlì, dókítà ò sì ṣí i wò. Inú bí mi. Mo ti kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017, lórí aláìsàn jẹjẹrẹ 766: àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ròyìn ara wọn fúnra wọn lo nǹkan bí oṣù 31 láyé, àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lo 26. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, bí nǹkan bá le, ìkìlọ̀ máa ń lọ bá nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan ń kà á.

Físíò tèmi ti fi báírò kọ ìbéèrè ìkúnlẹ̀ kún ìsàlẹ̀ ìwé mi. Kò sí lára 96, àmọ́ ó máa ń bèèrè rẹ̀. 3 ni mo ṣì ń fún un.